Ìkọ́kọrẹ́ àbí ítírì: kí ni wọ́n ń jà lé lórí gan-an?

Bí Iléyá bá ti kù fẹ́ẹ́fẹ́, tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà lẹ́yìn odi ti ń sanwó aṣọ ẹgbẹ́ fún Ojúde Ọba, ọ̀rọ̀ oúnjẹ á tún gbérí lórí fóònù. Ẹnì kan á gbé àwòrán ìkọ́kọrẹ́ síta, epo ń dán lójú rẹ̀, ẹja yíyan yọrí láàárín rẹ̀. Á ní ohun tí àwọn baba wa jẹ tí ara wọn fi le nìyí, kí ẹ̀yin máa bá adìyẹ dídín àti ìpápánu ítírì, ilé oúnjẹ ìgbàlódé, lọ. Ẹlòmíì á bi í pé mélòó nínú àwọn baba náà ló mọ iye tí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn jẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìjà náà ti kan Indomie, NAFDAC, àgbàdo TELA tí wọ́n tún àbùdá rẹ̀ ṣe, àti obìnrin wo ló yẹ kó wà nídìí àdògán.

Ohun tó tún bu epo sí i ni àpilẹ̀kọ mẹ́ta tí ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, The Lancet, gbé jáde lẹ́ẹ̀kan náà ní oṣù kọkànlá ọdún 2025. Àwọn tó kọ ọ́ sọ pé oúnjẹ tí ilé-iṣẹ́ ńlá ń tò pọ̀ ti ń gba ipò oúnjẹ tí à ń sè nílé káàkiri ayé, àti pé ó lọ́wọ́ nínú ìsanrajù, àtọ̀gbẹ àti àrùn ọkàn. Kí ọ̀rọ̀ náà tó dé Ìjẹ̀bú-Òde, ó ti di "wọ́n ní ítírì ń pànìyàn." Wọn ò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Kò sí ìmọ̀ràn kankan nísàlẹ̀ yìí lórí ohun tí ẹ máa jẹ lálẹ́ òní. Okùn tó ti lọ́ mọ́ra ni a fẹ́ tú, torí ìdajì àwọn tó ń jà, ọ̀rọ̀ kan náà kọ́ ni wọ́n ń sọ.

"Oúnjẹ ìbílẹ̀" wo ni wọ́n ń wí?

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ohun mẹ́ta ni wọ́n kó sínú rẹ̀. Àwọn kan ń sọ oúnjẹ tí a bá lọ́wọ́ àwọn ìyá wa: ìkọ́kọrẹ́ àti ọ̀jọ̀jọ̀ ní Ìjẹ̀bú, èbìrìpò ní Rẹ́mọ, ayamaṣe tí àwọn ará Ìkẹ́nnẹ́ ń pè ní tiwọn. Àwọn kan ń sọ oúnjẹ tí wọ́n gbìn nítòsí, tí kò gun ọkọ̀ òkun kó tó dé ọjà. Àwọn kẹta ń sọ oúnjẹ tí ọ̀nà tí wọ́n gbà pèsè rẹ̀ ò ní ba ilẹ̀, omi àti igbó jẹ́, kí àwọn ọmọ wa náà lè rí ibi dáko. Ẹni tó bá pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ló máa ń rò pé òun ti borí ìjà náà.

Ẹ jẹ́ ká fi ìkọ́kọrẹ́ wò ó. Ewùrà ni a fi ń sè é, ilẹ̀ Éṣíà sì ni ewùrà ti wá láyé àtijọ́, ó yàtọ̀ sí iṣu funfun tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa. Ata rodo àti tàtàṣé, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àwọn Pọtogí ti kó irúgbìn wọn wá. Irú, igi igbá ló ń so ó, igi igbá sì fẹ́ràn ọ̀dàn ju igbó kìjikìji lọ, ìyẹn ni pé láti òkè Ọ̀yọ́ àti Ìlọrin ni irú ti ń sọ̀kalẹ̀ wá bá wa láti ọjọ́ pípẹ́. Epo pupa nìkan ló jẹ́ ọmọ onílẹ̀ pátápátá nínú ìkòkò yẹn. Ẹja wá ńkọ́? Látijọ́, ẹja ọ̀sà láti apá Ẹ̀pẹ́ àti Ẹ̀jìnrìn ni. Lónìí, Titus tó dì bí òkúta ni ọ̀pọ̀ ilé ń lò, ọkọ̀ òkun ló sì gbé e wá láti òkè òkun.

Ẹ̀gẹ́ náà ńkọ́, tí àwọn míì ń pè ní gbáàgúdá? Bùràsíl ni baba ńlá rẹ̀ wà. Àwọn Àgùdà tó padà bọ̀ láti oko ẹrú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún wà lára àwọn tó mú kí gàrí yíyan tàn ká ilẹ̀ wa. Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lágbàáyé báyìí, gàrí Ìjẹ̀bú sì ti di orúkọ tí ayé mọ̀. Oúnjẹ Ìjẹ̀bú wo ló tún kù tó lókìkí jù ú lọ?

Ẹ wá yí i síbi kejì. Ó ti lé lógún ọdún tí òfin ti ka kíkó adìyẹ dídì wọ Nàìjíríà léèwọ̀. Lóòótọ́, àwọn onífàyàwọ́ ń gba ojú ọ̀nà Sẹ̀mẹ́ kó o wọlé, ṣùgbọ́n adìyẹ tí ítírì ńlá dín fún yín ní Ṣàgámù ṣeé ṣe kó jẹ́ adìyẹ oko tó wà nípìnlẹ̀ Ògùn níbí. Indomie náà, Ọ̀tà ni ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà, ìpínlẹ̀ wa yìí náà ni, àlìkámà tí wọ́n fi ṣe é ló wá láti òkè òkun. Nítorí náà, bó bá jẹ́ ibi tí nǹkan ti wá ni ẹ fi ń ṣèdájọ́, itan adìyẹ inú ítírì lè jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ju Titus inú ìkọ́kọrẹ́ lọ. Èyí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Ìrẹsì Ọ̀fàdà náà nìyẹn tí àwọn kan ń pè ní oúnjẹ Ìjẹ̀bú. Ìlú Ọ̀fàdà wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, lọ́dọ̀ àwọn Òwu àti Ẹ̀gbá. Ẹ fún wọn ní ìrẹsì wọn, ká fọwọ́ mú ọbẹ̀ ayamaṣe.

Ítírì ńkọ́, báwo ló ṣe débí?

Ilé oúnjẹ kì í ṣe àjèjì. Bùkà ti wà kí ọ̀nà ọlọ́dà tó wà, kò sì sí ibùdókọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣàgámù tí ẹ ò ti ní rí olóúnjẹ. Ohun tó jẹ́ tuntun ni ilé oúnjẹ tó ní orúkọ kan náà, àwọ̀ kan náà àti ìtọ́wò kan náà ní ìlú mẹ́wàá. Lọ́dún 1986 ni ilé-iṣẹ́ UAC ṣí Mr Bigg's àkọ́kọ́ l'Ékòó. Tantalizers tẹ̀lé e lọ́dún 1997, KFC dé láti Amẹ́ríkà lọ́dún 2009, Domino's dé lọ́dún 2012. Mẹ́ẹ̀tìpáì ni wọ́n kọ́kọ́ fi mọ irú ilé wọ̀nyí, kí jọ̀lọ́ọ̀fù, ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó wọnú àkójọ oúnjẹ wọn nígbà tí wọ́n rí i pé páì nìkan ò lè yó ọmọ Nàìjíríà.

Lọ́dọ̀ wa, ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ọ̀nà Ṣàgámù sí Benin, àti àwọn yunifásítì tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè àti Ìlíṣàn ló fà wọ́n wá. Níbi tí arìnrìn-àjò àti akẹ́kọ̀ọ́ bá pọ̀ sí, kò sẹ́ni tó ráyè dúró de ewùrà.

Lọ́dún 1986 yẹn kan náà, ní ìlú Róòmù, wọ́n fẹ́ ṣí McDonald's sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn àtayébáyé kan tí gbogbo ayé ń lọ wò. Carlo Petrini, ọmọ Ítálì kan, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe ìwọ́de lòdì sí i. Ilé oúnjẹ náà ṣí, kò sẹ́ni tó dá a dúró, ṣùgbọ́n nínú ìwọ́de yẹn ni ẹgbẹ́ Slow Food ti jáde, tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé ìdásílẹ̀ rẹ̀ ní Paris lọ́dún 1989. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé kí oúnjẹ dùn, kó mọ́, kí ẹni tó gbìn ín sì jèrè iṣẹ́ rẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí ẹ ń gbọ́ lónìí nípa "ẹ padà sí oúnjẹ ìbílẹ̀," ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀ wá, bí ẹni tó ń sọ ọ́ kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ Petrini rí.

Kí ni oúnjẹ tí ilé-iṣẹ́ tò pọ̀?

Láti nǹkan bí ọdún 2009 ni Carlos Monteiro àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì São Paulo, Bùràsíl, ti ń pín oúnjẹ bí wọ́n ṣe pèsè rẹ̀, ó wá di ìsọ̀rí mẹ́rin, wọ́n pe ìpín náà ní Nova. Ti àkọ́kọ́ ni oúnjẹ bó ṣe wà tàbí èyí tí wọ́n kàn sá, lọ̀, yan tàbí fi kan: ewùrà, ẹyin, ẹja tútù. Gàrí bọ́ síbẹ̀. Ti kejì ni ohun tí a fi ń sebẹ̀, bí epo, iyọ̀, ṣúgà. Ti kẹta ni oúnjẹ tí wọ́n pa àwọn méjèèjì pọ̀ ṣe, bí ẹja inú agolo tàbí búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò. Ti kẹrin ni ìjà wà lórí rẹ̀: ohun tí ilé-iṣẹ́ fi èròjà tí kò sí nínú ilé ìdáná ẹnikẹ́ni tò pọ̀, àwọ̀, òórùn àti ohun tí kò ní jẹ́ kó bàjẹ́ fún ọdún kan. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò, sọ́séèjì, bisikíìtì àti nódùsì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ka magí oníhóró mọ́ ọn pẹ̀lú.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ìpín yìí ò bèèrè bóyá ítírì lẹ ti ra oúnjẹ. Adìyẹ tí wọ́n pa láàárọ̀, tí wọ́n fi ata àti iyọ̀ pa lára, tí wọ́n wá dín, kò sí nínú ìsọ̀rí kẹrin torí pé amúlétutù wà níbi tí wọ́n ti dín in. Ìkọ́kọrẹ́ tí wọ́n ju hóró magí mẹ́fà sí náà ti gba àlejò.

Ẹ̀rí tí àwọn tó gbà á gbọ́ máa ń kọ́kọ́ tọ́ka sí ni àdánwò tí Kevin Hall ṣe ní Amẹ́ríkà, tó jáde lọ́dún 2019. Ó kó 20 ènìyàn jọ sójú kan, ó fún wọn ní oúnjẹ ilé-iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó fún wọn ní oúnjẹ tí kò gba ilé-iṣẹ́ kọjá fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó ní kí wọ́n jẹ bó ṣe wù wọ́n. Nígbà tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́, ẹnì kọ̀ọ̀kan fi nǹkan bí 500 kálórì jẹ ju ti ọ̀sẹ̀ méjì tó kù lọ lójúmọ́, wọ́n sì sanra. Àwọn tó ń ta kò ó ní 20 ènìyàn kéré, pé ọ̀sẹ̀ méjì kúrú, àti pé ìsọ̀rí kẹrin fẹ̀ jù: yógọ́ọ̀tì aládùn díẹ̀ àti mínírà wà nínú àpò kan náà. Àwọn onímọ̀ oúnjẹ míì ní ṣúgà, iyọ̀ àti ọ̀rá inú rẹ̀ ló yẹ ká máa kà, kì í ṣe iye ẹ̀rọ tó gbà kọjá. Ìjà náà kò tíì parí láàárín àwọn onímọ̀ fúnra wọn.

Ṣé gàrí tiwa ò léwu ni?

Ẹ̀gẹ́ ní májèlé sàyánáìdì nínú, èyí tí àwọn ìyá wa mọ̀ láìmọ orúkọ rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ṣe gàrí Ìjẹ̀bú ni ẹ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n á bó o, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á gbé e lọ síbi ẹ̀rọ, á jáde ní lílọ̀. Wọ́n á dì í sínú àpò, wọ́n á fi òkúta tàbí jáàkì tẹ̀ ẹ́, omi á máa ro. Ibí yìí ni gàrí Ìjẹ̀bú ti yàtọ̀, torí kì í jáde lọ́jọ́ kejì: ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, nígbà míì títí dé ọ̀sẹ̀, ni wọ́n ń fi sílẹ̀ kó kan. Ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ àpò náà kọjá á mọ̀, òórùn kíkan á gba imú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tú u, wọ́n á jọ̀ ọ́ nínú asẹ́ kó lè kúná, wọ́n á dà á sínú agbada tó ti gbóná, wọ́n á máa fi àfọ́ igbá rò ó títí á fi máa dún ṣàràṣàrà. Kò sí epo nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi funfun. Lílọ̀ àti kíkan ló ń tú májèlé náà sílẹ̀, títẹ̀ àti yíyan ló ń lé e lọ. Codex, ìlànà àgbáyé lórí oúnjẹ, ní kó má ju mílígíráàmù 2 lọ nínú kílò gàrí kan.

Ẹni tó bá fi ọjọ́ kan ṣe iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin kí owó lè tètè wọlé, gàrí rẹ̀ kì í ṣe irú kan náà mọ́, bí àwọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ jọ ọ́. Ẹni tó bá sì sá gàrí tàbí ẹ̀gẹ́ sẹ́bàá títì, eku á bá a pín in. Ìdí nìyẹn tí àwọn elétò ìlera fi máa ń kìlọ̀ lórí ibà Lassa lọ́dọọdún.

Gàrí nìkan kọ́. NAFDAC ti kìlọ̀ léraléra nípa epo pupa tí wọ́n da àwọ̀ aṣọ sí kó lè pọ́n. Láti ọdún 2015 ni Yúróòpù ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà torí oògùn apakòkòrò dichlorvos tí wọ́n bá nínú rẹ̀, èyí tí púpọ̀ wa mọ̀ sí Sniper. Lọ́dún 2019 ni NAFDAC fòfin de ìgò kékeré rẹ̀. Ẹ̀wà wa nìyẹn o, tí a fi ń ṣe àkàrà àti mọ́ínmọ́ín.

Ayamaṣe náà ní tirẹ̀. Epo pupa ni wọ́n ń gbé kaná títí á fi ṣí àwọ̀. Àwọ̀ pupa tó lọ yẹn gan-an ni ohun tí ara fi ń ṣe fítámì A. Kò sẹ́ni tó ní kí àwọn ará Ìkẹ́nnẹ́ má sè é mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ní gbogbo ọbẹ̀ ìbílẹ̀ ló ń wo ara sàn kò tíì dúró nídìí ìkòkò yẹn kí èéfín ta á lójú.

Àwọn oníṣègùn tún ń sọ èyí: òkèlè ẹ̀bà kan náà tí baba jẹ kó tó gbé ọkọ́, ọmọ ń jẹ ẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà. Oúnjẹ ò yí padà, iṣẹ́ ara ló yí.

Èwo ló náni lówó jù, ta ni yóò sì rin ewùrà?

Níbi tí ìjà ti ń le jù nìyí, torí kì í ṣe oúnjẹ nìkan ló wà níbẹ̀ mọ́.

Láti ìgbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù kúrò ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí wọ́n sì tú náírà sílẹ̀ lóṣù tó tẹ̀lé e, iye oúnjẹ gòkè bí ẹni ń gun òkè Olúmọ. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà ọdún 2024, àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ ní oúnjẹ ti fi 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Oko àti ítírì ló jọ gbé e, torí ọkọ̀ tó ń gbé ewùrà wá láti oko náà ń mu epo. Àwọn tó ń gbèjà oúnjẹ ilé ní ìkòkò ìkọ́kọrẹ́ kan á bọ́ ènìyàn mẹ́fà ní iye tí ẹni méjì fi jẹun ní ítírì. Lórí ọjà, ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ta kò wọ́n ní ẹ ò ka gáàsì mọ́ ọn, ẹ ò ka ọwọ́ tó sè é.

Ẹ jẹ́ ká ka ọwọ́ náà. Ewùrà ń yún ni. Bí ẹ bá ti bó o, omi ara rẹ̀ á máa yọ̀ lọ́wọ́, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yún yín dé ìgbùnwọ́. Àwọn míì á fi epo pa ọwọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Wọ́n á rin ín lára páànù tí wọ́n fi ìṣó lu ní ihò, díẹ̀díẹ̀, kí àtàǹpàkò má lọ bá a. Ọbẹ̀ á ti máa hó lórí iná: epo, ata, àlùbọ́sà, irú, edé, pọ̀nmọ́, ẹja yíyan. Wọ́n á bu iyọ̀ sí ewùrà, wọ́n á máa fi ọwọ́ gé e sínú ọbẹ̀ ní ṣíbíńtín ṣíbíńtín, wọ́n á dé e, wọn ò ní rò ó. Ẹni tó bá rò ó láìpẹ́, ìkọ́kọrẹ́ rẹ̀ á di ẹ̀kọ. Ó dìgbà tó bá jinná tó dì kí orógùn tó wọ̀ ọ́, jẹ́jẹ́. Àwọn àgbà ò sì ní jẹ ẹ́ lásán: ẹ̀bà tútù tó sùn mọ́jú ni wọ́n fi ń tì í. Láti orí bíbó dé orí jíjẹ, wákàtí kan ààbọ̀ rèé fún ẹni tó yára, láìka ìrìn ọjà.

Òṣìṣẹ́ tó ń jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ní Ṣàgámù kó lè bá ọkọ̀ Èkó, tó ń padà wọlé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, níbo ló ti fẹ́ rí wákàtí kan ààbọ̀? Àwọn obìnrin kan ń sọ ọ́ gbangba pé "ẹ padà sí oúnjẹ ìbílẹ̀" lẹ́nu ọkùnrin, "ìyàwó, padà sí ilé ìdáná" ló túmọ̀ sí. Àwọn ìyá kan náà ń dá wọn lóhùn pé àwọn ṣe iṣẹ́, àwọn ṣòwò, àwọn sì sebẹ̀, kí ni tiyín? Láàárín àwọn méjèèjì ni olóúnjẹ bùkà jókòó sí tó ń ta ìkọ́kọrẹ́ ní ṣíbí ṣíbí, tí kò sì sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀ nínú ìjà náà. Tí ewùrà bá di ohun tí à ń rà ní sísè, òun ló máa tà á, kì í ṣe ítírì.

Ṣé oúnjẹ tó ti tòsí wá ló ṣe ilẹ̀ lóore jù?

Kò dájú. Lọ́dún 2018, àwọn onímọ̀ méjì, Joseph Poore àti Thomas Nemecek, kó àkọsílẹ̀ nǹkan bí 38,700 oko jọ láti orílẹ̀-èdè 119. Nínú gbogbo èéfín tó ń mú ayé gbóná tí oúnjẹ ń fà, nǹkan bí 6 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ti ọ̀dọ̀ ọkọ̀ tó ń gbé e wá. Ohun tí a jẹ àti bí wọ́n ṣe gbìn ín tàbí sìn ín ló wúwo jù, ẹran màlúù ló sì ṣáájú.

Kò yẹ ká lọ jìnnà fún àpẹẹrẹ. Igbó ọba Ọmọ, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí J4, wà ní Ìjẹ̀bú níbí. Wọ́n ti yà á sọ́tọ̀ láti ọdún 1925, UNESCO sì fi orúkọ sí i lọ́dún 1977. Erin igbó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Igi gẹdú tí wọ́n ń gé àti oko kòkó tí wọ́n ń dá ló ń jẹ igbó náà tán. Oúnjẹ tí wọ́n bá gbìn sórí ilẹ̀ tí wọ́n gé níbẹ̀, ọmọ onílẹ̀ ni, bóyá ẹni tó gbìn ín tilẹ̀ jẹ́ ẹbí yín. Ẹran ìgbẹ́ náà ńkọ́, tí ọbẹ̀ rẹ̀ ń ta sánsán? Ìbílẹ̀ ni, ìtòsí ni, ṣùgbọ́n akika ti ń tán nínú igbó débi pé láti ọdún 2017 ni òfin àgbáyé CITES ti ka òwò rẹ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn léèwọ̀ pátápátá. Igi tí wọ́n ń dá fún iná agbada gàrí náà, inú igbó kan ló ti wá.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí oúnjẹ àtijọ́ fi gba iwájú láìjiyàn, òun ni ewé. Ewé eéran tí wọ́n fi ń di èbìrìpò àti mọ́ínmọ́ín ń hù nínú igbó wa láìsí ẹni tó gbìn ín. Ẹ jẹun tán, ẹ jù ú sẹ́yìnkùlé, ó di ilẹ̀. Èso ewéko náà ni ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè ti ń fa ohun aládùn tí wọ́n ń pè ní thaumatin, tó dùn ju ṣúgà lọ ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún méjì, nígbà tí àwa ń fi ewé rẹ̀ dì mọ́ínmọ́ín tí a sì ń ju èso sílẹ̀. Èkó fòfin de ike funfun tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ó sì fi àwọn ọ̀rá ìlò-ẹ̀ẹ̀kan kún un láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje ọdún 2025. Èkó nìyẹn. Ẹni tó ń gbé ewé láti Ìjẹ̀bú lọ tà níbẹ̀ ló mọ ohun tó rí nínú rẹ̀.

Kí ni ìjọba ti ṣe sí i?

Díẹ̀díẹ̀ ni. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí náírà 10 lórí lítà ọtí ẹlẹ́rìndòdò kọ̀ọ̀kan. Àwọn elétò ìlera ní kò tó nǹkan, pé kí wọ́n fi kún un. Àwọn ilé-iṣẹ́ ní iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀. Òfin NAFDAC kan ní kí ọ̀rá trans, ìyẹn epo tí ilé-iṣẹ́ fi ẹ̀rọ sọ di líle, tí ó ń dí òpó ẹ̀jẹ̀, má ju gíráàmù 2 lọ nínú gíráàmù 100 ọ̀rá tàbí epo. Ètò oúnjẹ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2016, ní kí wọ́n ra oúnjẹ lọ́wọ́ àgbẹ̀ àdúgbò. Ó dúró nígbà tí wọ́n dá ètò ìrànwọ́ gbogbo dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024.

Àgbàdo TELA tí wọ́n ń fà wọ inú ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Àgbàdo tí wọ́n tún àbùdá rẹ̀ ṣe kí kòkòrò má lè jẹ ẹ́ ni, wọ́n sì fàyè gba títà rẹ̀ fún àgbẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024. Ìjọba ní kò léwu, pé á pọ̀ lóko. Àwọn tó ń ta kò ó ń bẹ̀rù pé àgbẹ̀ á máa ra irúgbìn lọ́dọọdún dípò kó tọ́jú tirẹ̀. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin ní kí wọ́n wádìí rẹ̀ lóṣù karùn-ún ọdún yẹn. Ẹ̀kọ ògì tí wọ́n fi í ṣe kì í tìtorí ẹ̀ di ìpápánu ítírì, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń jẹ ìpápánu ò tìtorí ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ta ló ni orúkọ gàrí Ìjẹ̀bú?

Ní ilẹ̀ Faransé, ẹni tí kò bá ṣe ọtí rẹ̀ ní agbègbè Champagne kò gbọdọ̀ pè é ní Champagne, òfin á mú un. Nàìjíríà kò ní irú òfin tó dá dúró bẹ́ẹ̀ fún oúnjẹ ìlú kankan. Ìyẹn ni pé ẹnikẹ́ni, níbikíbi, lè fi ọjọ́ kan tẹ ẹ̀gẹ́, kó yan án, kó kọ "Ìjẹ̀bú" sára àpò.

Àwọn tó ń fẹ́ òfin náà ní yóò jẹ́ kí obìnrin tó dúró ọjọ́ mẹ́rin de gàrí rẹ̀ jèrè ìdúró náà. Àwọn tó ń kọminú ní ta ni yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò, ta ni yóò san owó ìwé ẹ̀rí, ṣé ẹni tó ń fi igi dáná lẹ́yìn ilé ni àbí oníléeṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ? Àwọn kan tilẹ̀ ń bèèrè pé, bí wọ́n bá fà á laini, ṣé Rẹ́mọ á wà nínú Ìjẹ̀bú tàbí yóò dá tirẹ̀ gbà? Ẹni tó bá mọ ìtàn wa á mọ̀ pé ìyẹn nìkan tó ìpàdé ọdún kan.

Ní báyìí, bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́jà Òkè-Ajé ni wọ́n ṣe ń ṣe é l'Ékòó: olùrà á bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, á fẹ́ ẹ lẹ́nu wò bóyá eruku ń bẹ nínú rẹ̀, á jù ú sẹ́nu, á dúró kó kan án lára ahọ́n, á wá bèèrè pé, "Ìyá, ibo lẹ ti rà á?"